Ìwádìí Tí Ìyá Ọkọ Mi Fẹ́ Ṣe

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà ni gbígba ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ìkòtún àti Ìgàndó. Àwọn olùwádìí kan ló fẹ́ mọ̀ bóyá àmì kan wà nínú ara tó lè fi ẹni tí àrùn ọpọlọ lè mú hàn kó tó mú un. Wọn ò tíì rí i. Mo máa ń ṣàlàyé èyí dáadáa, ẹni tí mo ń ṣàlàyé fún á sì bi mí ìgbà tí èsì tirẹ̀ máa jáde.

Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ní Ẹgbẹ́dá ló wá le jù. Kí wọ́n tó wá tọrọ mi, Màmá ti wádìí ìdílé wa dé Ògbómọ̀ṣọ́: wèrè, wárápá, ẹ̀tẹ̀, wọn ò fo ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi bọ́ aṣọ wọjà nígbà kan. Òótọ́ ni. Wọ́n tọ́jú wọn, ara wọn yá, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ télọ̀. Àwọn tó rí ìhòòhò wọn ní ìlú náà ló tún ń gbé aṣọ wá fún wọn rán.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Màmá ní kí n jókòó ní pálọ̀.

“Ìyàwó mi, ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ yín yẹn, jẹ́ kó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Tó bá ní kò sí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn jàre.”

Inú bí mi gidigidi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọmọ wọn, tí mo bá sì sọ̀sọkúsọ, ìgbéyàwó lọ nìyẹn. Mo bá kúnlẹ̀.

“Kò burú, mà. Ìdílé méjèèjì la máa ń yẹ̀ wò. Ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ gba tiyín, torí ẹ̀yin lẹ dàgbà jù.”

Mo ṣí báàgì mi. Agbòjò àti ẹ̀pà nìkan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá ò rí inú rẹ̀. Màmá fa ìbòrùn bo apá.

“Ṣé gbogbo ẹ̀ ló máa sọ?”

“Gbogbo ẹ̀, mà.”

Ó ń dùn mọ́ mi, títí mo fi rí i pé ètè wọn ń gbọ̀n.

“Àbúrò mi obìnrin,” ni wọ́n wí, “tá a ní ó wà ní Kútọnu. Irọ́ ni, Bàrúwà nítòsí ibí yìí ló wà. Ó máa ń dá sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n rí. Èmi gan-an, ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí mo ti débẹ̀.”

Ojú tì mí. Mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa, pé kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ọ́. Mo rò pé Màmá máa lé mi jáde. Wọ́n dìde, wọ́n wá bàtà wọn.

“Tó o bá máa wọ ẹbí wa, ó yẹ kó o lọ kí i. Àmọ́ ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀rù ń bà mí.”