Irin Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Amùkòkò

Olórí ọdẹ àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn ló kọ́kọ́ kìlọ̀ fún Wàsíù, ọmọ mi, pé ọta àfọwọ́kì kì í mọ olówó rẹ̀. Wàsíù fi rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọta ilé ìtajà ṣe wọ́n tó yìí, ẹni tó yìnbọn sí ọ̀yà tí kò bà á, oúnjẹ ilé rẹ̀ ló yìn dànù sínú igbó. Kò parọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti lọ sí Èkó, kí n lọ gba irin tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi ń kì ẹ̀tù sínú èèpo ọta tí wọ́n ti yìn. Bàbá, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n náà, ti ṣèlérí rẹ̀ fún un lórí fóònù.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé. Ọ̀nà tuntun tó lọ sí Mónìyà tẹ́jú. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Nígbà tí mo dé Máìlì Tuu l'Ékòó, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Awakọ̀ ní, "Mama, dress small." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìborùn mi ṣe, àwọn èrò sì ń rẹ́rìn-ín. Kí n sún díẹ̀ ló ń wí. Tírélà tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, gbogbo wọn dorí kọ èbúté Àpápá. Ní Amùkòkò tí Bàbá ń gbé, omi tí à ń fà nínú kànga lọ́fẹ̀ẹ́ nílé, kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń rà á.

Bàbá ti dé láti ibi iṣẹ́. Géètì ilé ńlá kan ní Àpápá GRA ló ń ṣọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ọwọ́ òsì ló fi gbé omi fún mi. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó fi òsì fún ọ ní nǹkan, èébú ló bú ọ. N kò tètè gbà á.

"Ìyá Wàsíù, má bínú," ó ní. "Ọ̀tún ò lè di ife mú mọ́."

Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú àpò jalabíà rẹ̀. Ìka méjì kò sí níbẹ̀. Ohun tí a gbọ́ nílé ni pé géètì há a lọ́wọ́, pé ó sì ti san.

Ó wá ròyìn fún mi. Nínú yàrá tí a jókòó sí yẹn ló ti ń kì ọta lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ládàánì pe ìrun. Ó ti da ẹ̀tù sínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó lọ kírun. Nígbà tó padà dé, ó gbàgbé, ó tún da ẹ̀tù sínú rẹ̀. Inú igbó kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́ ló ti yìn ín, ìbọn sì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo bi í bóyá ti ilé ìtajà sàn jù. Ó ní òun ti ra èyí tí kò dún rárá, tí ọ̀rinrin ti bà jẹ́, àti pé èyí tí òun kì fúnra òun máa ń pa ẹran jù.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń kì tiwọn," ó ní. "Ẹ̀rọ kì í dìde lọ kírun."

"Ṣé kí n wá gbé irin yìí fún Wàsíù, Bàbá?"

"Mo ti ṣèlérí. Irin náà ò ṣẹ̀, èmi ni mo dìde."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa látọjọ́ yìí?"

"Ojú ló ń tì mí. Ta ni yóò gbọ́ pé ọdẹ ni ìbọn ara rẹ̀ bù jẹ?"

Ó ti fi aṣọ di irin náà fún mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó rí mi. Ọwọ́ òsì ló fi bá mi gbé báàgì dé ibùdókọ̀ Boundary.

Wàsíù ti ń dúró dè mí ní gáréèjì Ìsẹ́yìn. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ojú mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, a sì jọ rìn délé.

"Màámi," ó ní, "ẹ ti gba igbó lọ́wọ́ mi."

Òótọ́ ni. Ìwọ̀nba ọta tí agbára rẹ̀ ká ló ń rà báyìí, ìbọn rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lára ògiri kó tó gbé e jáde. Ó ń dùn mí. Àmọ́ tó bá ń jẹ ẹ̀bà, ìka rẹ̀ ni mò ń wò nínú àwo. Ká ní Bàbá ti fi ọwọ́ rẹ̀ hàn wá tipẹ́, ọmọ yìí kì bá tí gbẹ́kẹ̀ lé irin náà rárá.

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọwọ́ yín kúrò nínú àpò, kí àwọn ọmọ wa rí i.