Ẹnu Méjì Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀bù Mọ́nsúrù

Ní ọdún kejì tí ogun Hítílà parí ni Mọ́nsúrù onífọ́tò, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Láfẹ́nwá, rí ìyá rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rí pẹ̀lú ẹrù orí kan ṣoṣo. Sìlífátù kò sunkún. Ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó ní, "Wọ́n ti lé mi kúrò ní Kọ́bapẹ́."

Jùbrílù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló lé e. Láti ọjọ́ tí bàbá Mọ́nsúrù ti kú ni ojú Jùbrílù ti wà lára ilẹ̀ tí opó náà ń ro. Lọ́dún yẹn, kòkòrò kan ya bo oko ẹ̀gúsí gbogbo Kọ́bapẹ́. Kò ju ẹ̀wà kan lọ, ó rí roboto, ó pupa rúsúrúsú, àmì dúdú sì wà káàkiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ó jẹ ewé títí ewé fi dà bí asẹ́. Oko Sìlífátù nìkan ló tutù yọ̀yọ̀, nítorí pé àràárọ̀ ló ń ṣa kòkòrò náà sínú agolo omi eérú. Jùbrílù bá dìde láàárín ẹbí, ó ní, "Kí ló dé tí oko tirẹ̀ kò bàjẹ́? Oògùn ló ń dà sí tiwa. Kòkòrò tí kò tó èékánná, ẹnu wo ló ní tí yóò fi jẹ oko odindi abúlé?"

Ẹni tí ìyàn ń bọ̀ wá bá kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó ẹrù obìnrin náà síta. Jùbrílù ló kórè ẹ̀gúsí rẹ̀.

Mọ́nsúrù gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ṣé ó ní ẹnu wo ló ní?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

"Ó dáa. Màá fi ẹnu náà hàn án."

Ó lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà Kọ́bapẹ́, ó ṣa mélòó kan nínú kòkòrò náà sínú ìgò. Bó ṣe mú àkọ́kọ́ dání, omi pupa bí omi ìyeyè sun jáde ní orúnkún rẹ̀, ó sì rùn. Mọ́nsúrù nu ọwọ́ lára ṣòkòtò, ó mú ìgò lọ sílé.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Kámẹ́rà rẹ̀ ní awọ tó ń fẹ̀ tó ń sún kì bí ewìrì alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n bó ti wù kó fà á tó, kòkòrò náà kò tóbi tó. Ó fi páálí ṣe àsomọ́ rẹ̀, ó kùn ún ní dúdú, ó fi sún dígí ojú kámẹ́rà síwájú. Bí àwòrán ti ń tóbi ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù, nítorí náà Títílọlá ìyàwó rẹ̀ di dígí ńlá mú, ó ń tan oòrùn sórí kòkòrò náà títí apá fi ń ro ó. Bí wọ́n bá gúnyán nílé kejì, ilẹ̀ á mì, àwòrán á bàjẹ́. Títílọlá lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá odó dúró. Nígbà tí kòkòrò ààyè kò gbà láti dúró jẹ́ẹ́, Mọ́nsúrù fi òwú tí a rẹ sínú kẹrosíìnì pa á, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi tín-ín-rín, ó fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ la ẹnu rẹ̀, ó sì ya fọ́tò rẹ̀.

Nínú yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò, ẹnu náà yọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Eyín rẹ̀ kò wà lókè àti nísàlẹ̀ bíi tiwa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì ló kọjú síra láti ẹ̀gbẹ́, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí ṣọnṣọ bí ayùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ọwọ́ kéékèèké méjì tí orí wọn rí bí àáké, èyí tó fi ń tọ́ oúnjẹ wò. Mọ́nsúrù sọ ọ́ di ńlá títí ó fi tó ìbú àtẹ.

Sìlífátù wò ó pẹ́. "Òun ló jẹ oko," ó ní. "Ó wá ku ẹnu kejì."

Ẹnu kejì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Nígbà tí Iléyá ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, Jùbrílù dé pẹ̀lú agbádá tuntun.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, o kú iṣẹ́. Mo fẹ́ ya fọ́tò ọdún. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ yẹn, má jẹ́ kó dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa."

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ jókòó."

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Sìlífátù dúró, ó ń gbọ́ wọn.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, bàbá," Mọ́nsúrù ní. "Ẹ jẹ́ kí eyín yín hàn dáadáa."

Jùbrílù rẹ́rìn-ín. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán sí ìdajì, gbogbo Kọ́bapẹ́ ló sì mọ eyín náà. Ó gba fọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Mọ́nsúrù wá mú ẹnu nìkan nínú àwòrán náà, ó sọ ọ́ di ńlá bíi ti kòkòrò.

Lọ́jọ́ ọjà, ó gbé méjèèjì kọ́ sára ògiri ìta. Lábẹ́ ọ̀kan ó kọ ọ́ pé: *Ẹnu tó jẹ ẹ̀gúsí Kọ́bapẹ́.* Lábẹ́ èkejì: *Ẹnu tó jẹ opó.* Ó tún fi ìgò kòkòrò àti ewé tó ti di asẹ́ sórí àga nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní irọ́ ni. Àwọn ará Kọ́bapẹ́ tó wá sọ́jà dúró, wọ́n wo ìgò, wọ́n wo ògiri. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tó bá wọn kó ẹrù Sìlífátù síta kò rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọjọ́ ọjà mìíràn, orúkọ Jùbrílù ti di Ẹlẹ́nu-Kòkòrò.

Bàbá Ṣéhù, olórí ẹbí, ló mú un wá sí Láfẹ́nwá. Jùbrílù dọ̀bálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyàwó wa," Bàbá Ṣéhù ní, "a ti ṣìṣe. Ilẹ̀ rẹ ti padà sọ́wọ́ rẹ. Ẹ sọ fọ́tò yìí kalẹ̀ fún wa."

Mọ́nsúrù na ọwọ́ sí ìṣó.

"Fi í sílẹ̀," ìyá rẹ̀ ní. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Ṣéhù, ó sì dìde. "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ dá ilẹ̀ padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù mi síta, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ wá wo kòkòrò inú agolo mi. Ta ló wò ó? Ẹ jẹ́ kí ayé wò ó báyìí."

Bí fọ́tò ṣe wà níbẹ̀ títí ọyẹ́ fi dé nìyẹn. Ọkàn Mọ́nsúrù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, nítorí pé wọ́n ń fi orúkọ yẹn pe àwọn ọmọ Jùbrílù náà. Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyá rẹ̀ mú àkísà, ó nu eruku kúrò lára fọ́tò náà. Mọ́nsúrù kò tún sọ ọ́ mọ́.

Nígbà tí òjò tuntun rọ̀, ó lọ bá a lóko ní Kọ́bapẹ́. Sìlífátù ń gbin ẹ̀gúsí.

"Ìyá mi, Jùbrílù ti kó lọ sí Ọ̀dẹ̀dá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀."

Sìlífátù wọ́ erùpẹ̀ bo hóró tó sọ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀dẹ̀dá ò jìnnà," ó ní. "Lọ́rí ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, fọ́tò ò sì wúwo."