Bí Florian Pelka Ṣe Máa Ń Parí Eré

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Florian Pelka ní Kessler Falls títí di òní, ọ̀rọ̀ Orville Tesch, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ọdún 1967 ló ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ Atanná, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ onílù àti afọnfèrè ìlú náà tí Florian ń darí, ń lọ sí ìdíje ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni ṣegede bá dá ọ̀kan nínú àwọn afọnfèrè dúró sílé. Àlàfo wá wà nínú ìlà, àlàfo sì ni ohun tí Florian kórìíra jù láyé. Gbogbo eré tó bá kọ́ àwọn ọmọ náà, bákan náà ló ń parí: gbogbo wọn á tò sí ìlà kan ṣoṣo láti etí pápá dé etí pápá, wọ́n á máa rìn bọ̀ wá bá àwọn òǹwòran, wọ́n á sì máa fọn fèrè bí ẹni pé ilé ń jó. Bí ẹnì kan bá kù nínú irú ìlà bẹ́ẹ̀, ńṣe ló dà bí eyín tó ká níwájú ẹnu.

"Orville, bọ́ ṣòkòtò ẹ," Florian sọ fún awakọ̀ náà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì.

"Kí lo wí?"

"Wọ eléyìí. Gbé fèrè sẹ́nu, ṣùgbọ́n má fọn ún o. Ṣáà máa rìn lọ tààrà. Tí fèrè bá ti dákẹ́, kí ìwọ náà dúró. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe é."

"Florian, ṣòkòtò yìí ò lè pàdé mọ́ mi nídìí."

"Ta ló fẹ́ wo ìdí ẹ?"

Verna Stroik, tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìlù, ló fi téèpù so ṣòkòtò ọ̀hún, ó sì ń kìlọ̀ bó ti ń so ó. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ. Orville ti lé ní àádọ́ta, ó sì pá lórí, nítorí náà wọ́n fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ títí tó fi kan imú.

Eré náà lọ geere títí dé ìlà ìkẹyìn. Ohun tí Florian kò rò tẹ́lẹ̀ ni ariwo àwọn òǹwòran. Fèrè dákẹ́, àwọn ọmọ dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n igbe àwọn èèyàn ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, Orville kò sì mọ̀ pé fèrè ti dákẹ́. Ó ń lọ. Ó kọjá ìlà funfun, ó kọjá ọ̀nà àwọn asáré, ó gun ọgbà onírin kékeré tó wà níbẹ̀, ó sì ń gun àtẹ̀gùn lọ láàárín àwọn òǹwòran tòun ti fèrè lẹ́nu, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ohun tí yóò ṣe fún un bí pápá bá tán. Ní ìlà kejìlá ó rí àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó tó ń jẹ gúgúrú, ó sì jókòó síbẹ̀. Gbogbo èèyàn dìde fún un.

Àwọn adájọ́ forí korí. Kò síbi tí ìwé òfin ti mẹ́nu kan ẹni tó bá lọ jókòó ti ìyá arúgbó, kò sì sẹ́ni tó rántí wo abẹ́ fìlà. Ipò kẹrin ni wọ́n gbé Atanná sí. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rán afọnfèrè kan lọ sáàárín òǹwòran ní ìparí eré wọn, Florian sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe kọ ọ́.

"O kọ ọ́ síbo?" Verna bi í.

"Sínú orí mi."

"Orí ẹ náà ló so téèpù mọ́ Orville nídìí?"

Florian kò ka máàkì àwọn adájọ́ sí rárá. Ó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ti ń dájọ́ òpin eré. Bí àwọn èèyàn bá ń bi ara wọn níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, òpin yẹn kò dára; bí wọ́n bá gbàgbé pé ọkọ̀ ni wọ́n gbé wá, ó dára nìyẹn. Nítorí náà, bí eré bá ti ń parí báyìí, á sáré lọ lóṣòó sáàárín àwọn ọkọ̀, á sì tẹ́tí. Lọ́dún 1969, ọlọ́pàá kan bá a níbi tó lóṣòó sí.

"Ọ̀gbẹ́ni, kí lẹ ń wá lẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́kọ̀?"

"Òpin eré ni mò ń gbọ́."

"Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí eré ti parí."

"Tiyín ló parí."

Verna ló lọ gbà á sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí wọ́n ṣe ń jáde lọ, Florian bi ọlọ́pàá náà bóyá ó wo eré, àti pé kí ló rí sí òpin rẹ̀. Ọlọ́pàá ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Verna na ọwọ́ ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Florian kò bá ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi délé.

Nítorí pé ìjà wọn gan-an nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Verna fi ń sọ pé kí eré máa parí ní ohùn jẹ́jẹ́, kí ohùn máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ ìgbà tó dákẹ́, kí àwọn èèyàn jókòó síbẹ̀ kí wọ́n má lè pàtẹ́wọ́.

"Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn eré," Florian á ní, "oorun ló ń sùn."

Ní gbogbo ìgbà tí yìnyín bá ti ń yọ́, Verna á gbé òpin jẹ́jẹ́ kan wá sí ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Florian á dijú, á gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á mi orí. "Ó dára gan-an, Verna," á wí. "Fi sí ìbẹ̀rẹ̀."

Kò yẹ kí n fo ọdún àwọn ẹyẹlé. Ẹ̀gbọ́n Verna ló ni wọ́n, méjìlá ni wọ́n, Florian sì fẹ́ kí wọ́n fò lọ sókè ọ̀run nígbà tí fèrè ìkẹyìn bá dún. Kí ariwo má baà dẹ́rù bà wọ́n, ó gbé wọn ti àwọn onílù ńlá fún odindi oṣù kan, àwọn onílù sì ń fún wọn ní àgbàdo láti àpò wọn. Wọ́n máa ń sọ pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ìṣòro kó yẹrí. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ náà wọ́n ṣí àpótí, àwọn ẹyẹlé bọ́ sí orí koríko, wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n sì tò tẹ̀lé àwọn onílù jáde kúrò lórí pápá. Adájọ́ kan yọ máàkì Atanná nítorí pé àwọn kan ń rìn tí ẹsẹ̀ wọn kò bá ti ẹgbẹ́ mu.

Ní oṣù kìíní ọdún 1974, àìsàn ọkàn dá Florian dùbúlẹ̀. Ó ti kọ eré ọdún náà tán, ó ku ìṣẹ́jú ìkẹyìn nìkan. Lọ́jọ́ Thursday gbogbo ni Verna ń mú ìwé àti pẹ́ńsùlù lọ sílé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Hedwig á sì bu kọfí fún un, á sì padà sí kíṣìnì. Oṣù karùn-ún dé, ìṣẹ́jú náà kò tíì jáde.

"Florian, àwọn ọmọ ń dúró. Oṣù kan péré ló kù."

"Mo mọ iye tó kù."

"Ṣáà sọ bí wọ́n ṣe máa parí fún mi, kí n kọ ọ́."

"Ó dáa, máa kọ ọ́. Ìlà kan, etí pápá dé etí pápá, kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n máa fọn ún..." Ó nawọ́ sí ìwé náà. "Rárá. Pa á rẹ́. A ti ṣe ìyẹn rí."

"Ọdún mọ́kàndínlógún la fi ṣe ìyẹn!"

"Ohun tí mo fi ní kó o pa á rẹ́ nìyẹn."

"Ẹ rọra o!" Hedwig ké láti kíṣìnì. "Dókítà ní kò gbọdọ̀ bínú!"

"Mi ò bínú! Iṣẹ́ ni mò ń ṣe!"

Ọjọ́ Tuesday tó tẹ̀lé e ló kú. Mọ́kànlá ni òpin tó wà nínú ìwé Verna, gbogbo wọn ló sì ti ní kó pa rẹ́. Verna jókòó ti ìwé náà ní ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn. Ní báyìí kò sẹ́ni tó lè sọ pé kó fi nǹkan kan sí ìbẹ̀rẹ̀, òun ló sì borí, kò sì rí adùn kankan níbẹ̀. Bí a ti ń jà, bí i ká kú kọ́.

Ó kọ òpin aláriwo kan nítorí òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìlà gbọọrọ, fèrè bí iná. Àwọn ọmọ ṣe é dáadáa. Lọ́jọ́ kẹrin, Colleen, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí àwọn afọnfèrè, gbé fèrè rẹ̀ sọ́wọ́ kan.

"Tíṣà, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin fúnra yín ò fẹ́ràn ẹ̀."

"Ọ̀gbẹ́ni Pelka fẹ́ràn ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé Ọ̀gbẹ́ni Pelka ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́."

Verna ní kí àwọn ọmọ náà máa lọ sílé, ó sì wá ọ̀kan nínú àwọn òpin jẹ́jẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹ̀rù bà á nígbà tó fún wọn. Ó mọ ìlú náà. Bí ó bá bàjẹ́, ohun tí wọn yóò máa rántí nípa eré ìkẹyìn Florian Pelka ni pé Verna Stroik ló bà á jẹ́, nígbà tí Florian kò sí níbẹ̀ mọ́ láti bá a jà.

Ọ̀sán Satidé ni wọ́n ṣe é, ní pápá ilé ẹ̀kọ́ Kessler Falls. Hedwig wá. Kò wá rí láti ọjọ́ tí Florian ti fẹ́ ẹ, nítorí ariwo máa ń fọ́ ọ lórí. Ó jókòó ti Verna, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Eré lọ títí, ó dé ìṣẹ́jú tí Florian kò parí. Kò sí ìlà. Àwọn ọmọ dúró káàkiri pápá, oníkálukú ní àyè tirẹ̀, wọ́n sì ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, fèrè yìí, ìlù yẹn, títí ó fi ku Colleen nìkan pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ń dín in kù. Ó ń dín in kù sí i. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dákẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò mira. Ọkùnrin kan níwájú wọn gbé sọ́séèjì dé agbede méjì ẹnu, ó sì dá a dúró síbẹ̀. Verna ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó ka mẹ́fà, ó ka mẹ́sàn-án. Ohun tó ti ń tọrọ fún ọdún mọ́kàndínlógún gan-an nìyí, ó pé, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ó sì dùn ún wọ egungun pé kò sí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun tí ara rẹ̀ kò gbà á.

Ni ẹnì kan bá ké. Igbe ńlá ni, láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó sì fọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà yángá. Àwọn èèyàn yíjú láti wo irú òmùgọ̀ tó bà á jẹ́. Verna náà ń wò káàkiri, kó tó mọ̀ pé orí ìdúró lòun wà, pé ẹnu òun ló yà sílẹ̀, orúkọ Florian ló sì ń ti ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn dìde, ariwo sì sọ.

Hedwig fà á ní aṣọ. "Verna, jókòó jàre, mi ò rí àwọn ọmọ náà mọ́."

Verna kò jókòó. Omijé ti bò ó lójú, ó sì ń pariwo lọ. Hedwig wò ó fúngbà díẹ̀, ó wá ibi tó máa gbé báàgì rẹ̀ sí, òun náà sì dìde.