Ooru Kan Náà Lẹ́ẹ̀mejì

Ní Kàdúná láwọn ọdún 1990, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣírò bí ooru ṣe ń rìn nínú àpótí tí a dé pa. Bàbá mi, tí kì í gbà ká sọ Hausa nílé, ní kí n ṣàlàyé. Mo ní ìṣirò méjì ni: ọ̀kan fún ooru tó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná, èkejì fún ooru tó ń jáde lára omi.

"Ooru kan náà lo wá ń ṣírò lẹ́ẹ̀mejì?"

Inú bí mi, Hausa bọ́ lẹ́nu mi. "Rárá, Bàbá! Ọ̀tọ̀ ni zafi, ọ̀tọ̀ ni tururi!"

"Ẹn-ẹ́n, ó ti yé mi."

Ìgbà náà ni wọ́n tó rántí òfin wọn. "Sọ ọ́ ní Yorùbá."

Títí dòní, mi ò tíì rí i sọ.