Àwọn Pèrègún Etí Ibú Àpáta

Ní ọdún 1961 ni Dorcas Ẹ̀yínadé padà sí Ìkòrò-Èkìtì, lẹ́yìn tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún létí òkun. Timothy ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ akọ̀wé níbẹ̀, ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja pípa. Ibà ló pa á. Dorcas di ẹrù rẹ̀, ó mú Fọlákẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó sì wá ń gbé inú yàrá méjì lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ ṣì wà. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni Dorcas. Kò sí ẹni tó mọ ẹja yan tó o ní ìlú náà, ṣùgbọ́n ẹja Ìkòrò kò pọ̀ tó ohun tí èèyàn ń fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ó gba apá kan nínú oko kòkó bàbá rẹ̀, ó sì ń ta iyọ̀ lọ́jọ́ ọjà.

Ibú kan wà lórí odò Òmìrìn, tó tó ìrìn wákàtí kan sí ìlú. Ibú Àpáta ni wọ́n ń pè é. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò bá fà, tí ibi tó kù di yanrìn, inú ibú yìí ni ẹja máa ń sá sí. Àyìnkẹ́, ẹ̀gbọ́n Dorcas, ló ń ṣáájú àwọn obìnrin tó ń gbọ́n ọn lọ́dọọdún. Wọn á fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀, wọn á tò sínú omi pẹ̀lú igbá, wọn á máa gbọ́n ọn títí ẹja á fi máa ta pọ́ún nínú ẹrẹ̀. Wọn kì í dá ọ̀kankan sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ìyá wọn.

Ní oṣù kejì ọdún 1963, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin dé ibẹ̀ ṣáájú àwọn obìnrin. Oògùn olómi tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò ara kòkó ni wọ́n dà sínú ibú. Kí oòrùn tó gun òkè, ẹja ti léfòó, ńlá àti kékeré, títí kan ọmọ àrọ̀ tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ. Agbọ̀n méje ni wọ́n kó wálé, wọ́n sì pín in fún ará àti ọ̀rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èèyàn ti ń bì ní ilé mọ́kànlá. Wọ́n gbé ẹni mẹ́ta lọ sí ọsibítù. Kò sí ẹni tó kú, àmọ́ ajá méjèèjì tí Dúrójayé fi ń ṣọdẹ kú, àwọn ewúrẹ́ tó mu nínú omi náà sì kú sétí odò. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn Àyìnkẹ́ gbọ́n ibú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹja mẹ́rin ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Dorcas bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gùn: kí ìlú fi Ibú Àpáta sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n má gbọ́n ọn, kí wọ́n má dẹ ìgèrè síbẹ̀, kí wọ́n má da ohunkóhun sí i. Ẹni tó bá fẹ́ pẹja, kó lọ sí ìsàlẹ̀ odò.

Ilé Àyìnkẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Àyìnkẹ́ gbọ́ ọ dé òpin, ó wá bi í bóyá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọkùnrin mẹ́rin ni àwọn obìnrin yóò ṣe máa se ọbẹ̀ láìsí ẹja. Dorcas ní àwọn obìnrin náà kò dá ọmọ ẹja sí rí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bàjẹ́ láàárín wọn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, Àyìnkẹ́ kò kí i mọ́ lójú ọ̀nà.

Àwọn tó kù ní tiwọn láti sọ. Bánjọ tó jẹ́ tíṣà fara mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Bánjọ kì í jẹ ẹja odò, gbogbo ìlú ló sì mọ̀. Àwọn kan ní ọmọ ilé kì í dá odò ilé dúró. Àwọn mìíràn bi í léèrè ẹgbẹ́ òṣèlú tó rán an, nítorí lọ́dún yẹn kò sí ọ̀rọ̀ tí wọn kì í gbé ti ẹgbẹ́ òṣèlú. Dorcas ní kò sí ẹni tó rán òun. Púpọ̀ nínú wọn kò gbà á gbọ́.

Ní oṣù kọkànlá, kábíyèsí pe ìlú jọ síwájú ààfin. Nígbà tí ó kan Dorcas láti sọ̀rọ̀, ohun tí kò tíì sọ nílé ẹnikẹ́ni ló sọ.

"Létí òkun tí mo wà, wọ́n fẹ́ ti ibi tí ẹja ti ń yé pa," ló wí. "Ọkọ mi ló ń kọ orúkọ àwọn tó fara mọ́ ọn. Ó bi mí, mo ní rárá. Gbogbo àwa tí à ń yan ẹja la ní rárá. Síbẹ̀, wọ́n tì í pa. Lọ́dún àkọ́kọ́, ebi pa wá, mi ò ní parọ́ fún yín. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ààrò kan ò tó mi í yan ẹja mọ́. Ọkọ mi ò rán mi létí pé mo ti ní rárá. Igi ìdáná ló kàn rà wálé."

Ó jókòó. Ògúnyọmí alágbẹ̀dẹ, olórí àwọn tó ń bọ Ògún ní ìlú náà, ló dìde tẹ̀lé e. Àgbàlagbà ni, ó sì máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Philip, ọmọ ulé mi, wà nínú àwọn tó da oògùn sómi," ni ó wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Fọlákẹ́ sọ."

Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà. Ohun tó kù ni bí wọn yóò ṣe dì í mú, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dàrú. Ògúnyọmí fẹ́ kí olúkúlùkù fi ẹnu kan irin. Pius, tó jẹ́ olórí ìjọ, ní àwọn onígbàgbọ́ kò ní bá wọn búra lórí irin, kí wọ́n gbé Bíbélì wá. Àwọn tó ti fohùn ṣọ̀kan lórí ibú bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà lórí ìbúra. Ọmọ ìjọ ni Dorcas, ó mọ ibi tí wọ́n ń retí kó dúró sí. Ṣùgbọ́n ó bi Ògúnyọmí léèrè ohun tó gbìn sí ààlà oko rẹ̀. Ògúnyọmí ní pèrègún ni. Ó bi Pius léèrè ohun tí òun náà gbìn sí tirẹ̀. Pèrègún ni.

"Ẹ jẹ́ kí ilé tó bá fara mọ́ ọn gbin pèrègún kan sétí ibú," ni Dorcas wí. "Ẹ má wulẹ̀ búra."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ilé mẹ́rìndínláàádọ́ta gbin pèrègún. Ilé Àyìnkẹ́ kò sí nínú wọn.

Ẹni tó kọ́kọ́ rú òfin náà ni Adékúnlé, àbúrò Pius. Wọ́n bá ìgèrè rẹ̀ nínú ibú nígbà òjò ọdún 1965. Ìlú ní kó gbin pèrègún mẹ́wàá, ó sì gbìn wọ́n. Ní ìparí ọdún kan náà, rògbòdìyàn ìdìbò dé. Wọ́n sun ilé ní àwọn ìlú kan nítòsí, kò sì sí ẹni tó rántí ẹja. Philip, ọmọ Ògúnyọmí, ló ń lọ wo ibú náà ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, nítorí bàbá rẹ̀ ti ní iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn títí ọdún mẹ́ta yóò fi pé. Kò ráhùn. Ó tún àwọn pèrègún tí màlúù tẹ̀ mọ́lẹ̀ gbìn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1967, àwọn tó ń dẹ ìwọ̀ ní ìsàlẹ̀ odò bẹ̀rẹ̀ sí í fa àrọ̀ tó gùn tó apá àgbàlagbà jáde. Ọdún mẹ́ta ti pé, ìlú sì tún péjọ. Àwọn kan ní àkókò tó láti gbọ́n ibú. Dorcas kò wá sí ìpàdé náà, eékún ń dùn ún. Ìbíyẹmí, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó máa ń bá Àyìnkẹ́ gbọ́n omi tẹ́lẹ̀, ló dìde. Ó ní òun ń rí ẹja rà lẹ́yìnkùlé òun báyìí, òun kò rí ìdí tí òun yóò fi tún wọ inú ẹrẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ibú sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún Dorcas nílé, ó béèrè ẹni tó sọ̀rọ̀. Ó yà á lẹ́nu pé Ìbíyẹmí ni.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìyá wọn kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó di dandan kí Dorcas àti Àyìnkẹ́ jọ wọ yàrá ìyá náà láti tú ẹrù rẹ̀. Àyìnkẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì gbójú sókè kúrò lára aṣọ tó ń ká.

"Mi ò gbin pèrègún," ó ní. "Mi ò sì ní gbìn ín. Àmọ́ àwọn kan fẹ́ fa tìrẹ tu lọ́jọ́sí, èmi ni mo lé wọn."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi," ni Dorcas dáhùn.

Àyìnkẹ́ bi í bóyá yóò mú aṣọ òkè aláwọ̀ epo tàbí èyí tó ní ìlà funfun. Dorcas mú èyí tó ní ìlà funfun, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.