Gèlè Màmá àti Fèrèsé Orí Mọ́tò

Títí di òní, àyà mi ṣì máa ń já bí ìka mi bá kan bọ́tìnnì tó ń ṣí fèrèsé orí mọ́tò mi.

Tòkunbọ̀ ni mọ́tò náà. Lọ́jọ́ tí mo rà á, ẹni tó tà á fún mi na ọwọ́ sókè, ó tẹ bọ́tìnnì kan, gíláàsì òrùlé sì sún sẹ́yìn, oòrùn Àkúrẹ́ wọlé tọ̀ wá. Ó ní, "Sọ́nrúùfù nìyẹn, ọ̀gá. Ẹ máa gbádùn." Kò sọ ìgbà tó yẹ kí n ṣí i, kò sì sọ ìgbà tí kò yẹ. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Bí mọ́tò bá ti wà nínú oòrùn níwájú ọ́fíìsì látàárọ̀, màá gbé ẹ̀yìn gíláàsì náà sókè díẹ̀ kí ooru lè jáde. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí n tó jáde ní àdúgbò wa ní Ìjàpó, màá ṣí i gbayawu kí atẹ́gùn tútù fẹ́ wọlé. Mo ṣí i lójú ọ̀nà Ìpógun nígbà ọyẹ́, eruku sì bò wá délé bí ẹni tó ti ń po sìmẹ́ńtì. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí tó fi wẹ̀ tán.

Màmá mi kò fẹ́ràn ihò náà rárá. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé orin ìjọ ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìwé kíkà, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí dòní pé ọwọ́ wọn ni mo bọ́ sí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé mọ́tò náà dé Oǹdó, wọ́n yọjú wo òrùlé.

"Ta ló ta mọ́tò fún ọ tí kò kan òrùlé rẹ̀ tán?"

"Màmá, fèrèsé ni."

"Fèrèsé! Ṣé àwọn áńgẹ́lì lo fẹ́ máa yọjú sí ni? Bo ihò yẹn, jàre."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí nígbàkígbà tí wọ́n bá wọ mọ́tò mi.

Nígbà tí wọ́n pé ẹni ọgọ́rin ọdún, a fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ wa ní Oǹdó. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn wọ́n. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òkè ni ìyá náà ń gbé nínú ilé alájà kan, ní òpópónà tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ ìyá náà kò lè gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Orúnkún Màmá tèmi kò sì jẹ́ kí àwọn lè gun àtẹ̀gùn ilé yẹn. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti fojú kan ara wọn. Màmá sọ fún mi pé, "Bí mi ò bá rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò tíì dúpẹ́ tán."

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ní kí wọ́n gbé báńà ìdúpẹ́ kan kọ́ dábùú ọ̀nà níwájú ilé ọ̀rẹ́ wọn gan-an, kí ìyá náà lè rí wọn nínú àwòrán. Àwòrán Màmá wà láàárín rẹ̀, ó tóbi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó bá wa gbé e kọ́ so okùn rẹ̀ mọ́ òpó iná méjì, sókè réré. Mo ní kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ojú Màmá lè hàn.

Ó ní, "Ọ̀gá, mọ́tò ń kọjá níbí o."

Mo wọ mọ́tò, mo wà á kọjá lábẹ́ báńà náà kí ó lè rí i. Àyè ṣẹ́ kù dáadáa. Mo sọ fún un pé, "Ṣé o ti rí i báyìí?" Mo tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìsìn ìdúpẹ́ parí, Màmá jókòó sẹ́yìn, ìyàwó mi wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí a ṣe ń jáde ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá ní, "Ṣí ihò yẹn."

Ẹnu yà mí. "Màmá, ẹ̀yin náà?"

"Ọ̀rẹ́ mi á ti wà lójú fèrèsé. Mo fẹ́ kí ó rí mi."

Mo rò pé kí ó lè wò wọ́n láti òkè níbi tí wọ́n jókòó sí ni. Mo ṣí i. Mo ń wà á jẹ́jẹ́, àwọn ènìyàn ń juwọ́ sí wa. Lójijì, inú mọ́tò ṣú. Mo wo dígí tí mo fi ń wo ẹ̀yìn, n kò rí orí Màmá mọ́. Ìró léèsì nìkan ni mo rí, àti ẹsẹ̀ méjì láìsí bàtà, lórí àga. Ìyàwó mi figbe ta.

"Màmá! Ẹ jókòó! Ẹ jọ̀ọ́, Màmá!"

Wọn kò gbọ́. Wọ́n ti gbé orin, wọ́n ń ju áńkáṣífù sókè. Mo fẹ́ tẹ bíréèkì gírí, ẹ̀rù bà mí pé wọn á ṣubú. Mo bá gbójú sókè. Ojú Màmá ni mo rí níwájú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lórí báńà, okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì nà tantan. Okùn tí mo ní kí wọ́n sọ kalẹ̀.

Mo kígbe pé, "Jésù!"

Mo gbọ́ ohun tó họ òrùlé. Mọ́tò dúró. Orin ti dá. Ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ojú, èmi kò sì lè yí ọrùn padà. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: mo ti fi ìdúpẹ́ pa ìyá mi.

Nígbà náà ni ohùn kan wá láti òkè: "Gèlè mi dà?"

Mo jáde. Gèlè náà rọ̀ sórí okùn, lábẹ́ àwòrán wọn. Irun funfun Màmá wà ní ìta gbangba. Kò sí ìpalára kankan lára wọn.

Mo ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe..."

"O pe orúkọ Jésù, mo tẹrí ba. Kí ni ò ń bi mí?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ àwọn ìyá wa pé bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ náà, kí wọ́n tẹrí ba. Ẹ̀rù ló mú kí n pè é. Àṣà ló mú kí wọ́n tẹrí ba. Olúwa ló ṣe ìyókù, n kò sì ní lè dúpẹ́ tó láéláé.

Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ wọn bú láti ojú fèrèsé òkè. "Tíṣà! Ọmọ rẹ ti tú ọ ní gèlè láàárín ìgboro!"

Màmá dáhùn, "Ìwọ náà, ṣé o rí mi?"

"Mo rí ọ o! O ti darúgbó!"

"Ìwọ ńkọ́? Eyín mélòó ló kù lẹ́nu rẹ?"

Mo pa ẹ̀rọ mọ́tò, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ẹ̀yìn, mo sì di ẹsẹ̀ Màmá méjèèjì mú. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba ihò yẹn yọrí, báyìí ni màá ṣe é, tàbí kí n má ṣí i rárá.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì sọ̀rọ̀, wọ́n pe orúkọ àwọn tí wọ́n jọ kàwé, wọ́n bú ara wọn, wọ́n gbàdúrà fún ara wọn. Ọ̀rẹ́ wọn tú ìborí orí tirẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, Màmá sì hán an. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀, nítorí ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀, pé láti ìgbà tí mo ti dì wọ́n mú ni ẹsẹ̀ Màmá ti ń gbọ̀n.

Nígbà tó yá, wọ́n fi ọwọ́ kan èjìká mi, mo sì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sórí àga. Wọ́n wé ìborí náà mọ́rí, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Mo ti rí i," ni wọ́n wí. "Bo ihò yẹn."