Ọjọ́ Tí Ọlọ́pàá Ní Kí N Bá Àwọn Wọ Yàrá

Ìdímù ni mo ti ń ta ẹja gbígbẹ nígbà náà, níwájú ilé tí mò ń gbé. Yàrá tó kọjú sí tèmi, tọkọtaya kan ló wà níbẹ̀. Ọkọ a máa lu ìyàwó. Bí a bá kan ilẹ̀kùn, á ní kí kálukú lọ gbọ́ ti ara rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, igbe ìyàwó gba gbogbo ilé, ló bá ṣàdédé dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju igbe lọ. Àbúrò ìyàwó náà obìnrin, tó wà lọ́dọ̀ wọn, sáré lọ pe ọlọ́pàá.

Ọlọ́pàá méjì dé, ọkùnrin làwọn méjèèjì. Ọkọ na apá dí ẹnu ọ̀nà, ó ní ìwé àṣẹ dà tí wọ́n fi fẹ́ wọ ilé òun. Èyí àgbà nínú wọn dáhùn pé bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, àwọn kì í dúró de ìwé. Ni ọkọ bá yí ohùn padà: ẹlẹ́hàá ni ìyàwó òun, ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ rí i. Ẹ wá wo ọlọ́pàá! Wọ́n fà sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ẹyin iná.

Èmi náà ń kírun ṣá, àmọ́ ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo ní, "Ìgbà wo ló di ẹlẹ́hàá? Àná ló bá mi ná ẹja láìborí."

Ọkọ ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ máa wo ẹja yín."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Ọlọ́pàá àgbà kọjú sí mi: "Màmá, obìnrin ni yín. Ẹ wọlé lọ wò ó fún wa."

Mo gba abẹ́ apá ọkọ kọjá, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Inú yàrá ṣókùnkùn, mo sì ń bẹ̀rù kí n má lọ fẹsẹ̀ kọ òkú. Ọwọ́ kan ló di ìró mi mú láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kù díẹ̀ kí n tọ̀ sára.

Ó wà láàyè. Ojú rẹ̀ kan ti wú dí, kò lè gbé apá ọ̀tún. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ ní kò sí nǹkan, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá lọ tán, èmi àti ọkọ mi náà ló kù."

Òótọ́ ni. Èmi náà á sì kù síbẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn wa kọjú síra. Síbẹ̀, mo tú ìborùn mi, mo fi bò ó láti orí dé àyà kí àwáwí lè tán, mo ní kí wọ́n wọlé. Ohùn mi kò jáde. Mo tún pè wọ́n, wọ́n sì wọlé.

Títí wọ́n fi gbé e dénú ọkọ̀, kò fi ìró mi sílẹ̀, ni mo bá jókòó tì í. Wọ́n mú ọkọ rẹ̀, wọ́n tì í sí iwájú. Inú dígí awakọ̀ ló ti ń wò mí, èmi sì ń wo ẹsẹ̀ ara mi títí a fi dé ọsibítù ní Ìgàndó.